Obìnrin Tí Ń Ki Èèyàn Wọ Báńkì

Wọn kò bí Ojúọlá sí Iléṣà. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Ìyàwó ló fi dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí Ajíbóyè tó ń kiri aṣọ àwìn rí i lẹ́nu ọ̀nà baba rẹ̀, tó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fún òun. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti lóṣòó o, kò ní dìde mọ́." Ni wọ́n bá fún un.

Ilé ọkọ ló ti rí ohun tó sọ ọ́ dènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé wa dáadáa yóò mọ̀ pé ọmọ bíbí inú ilé kì í sábà mọ oríkì ilé baba rẹ̀ délẹ̀. Àwọn ìyàwó tó ti ìta wọlé ló ń mọ̀ ọ́n, torí òun ni wọ́n fi ń jí ọkọ lówùúrọ̀, òun ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, òun náà ni wọ́n fi ń sin òkú jáde nílé. Phebe, ìyálé rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ajíbóyè, ló kọ́ ọ. Ọmọ Iperindo ni Phebe, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń bó obì, Phebe á sọ ìlà kan, Ojúọlá á tún un sọ, ti ilé ọkọ wọn, ti ilé baba Phebe, àti ti àwọn ilé mìíràn káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

"Ulé ni kó o pè é. Ilé, ilé, bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ̀."

"Ìyálé mi, ahọ́n Òṣogbo nìyí, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́."

"Ahọ́n Òṣogbo! Ó dáa, máa fi ahọ́n Òṣogbo ki ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n fi òkúta bá ọ sọ̀rọ̀."

Ọkọ Phebe ló kọ́kọ́ kú, Ajíbóyè tẹ̀lé e. Ó wá ku àwọn obìnrin méjèèjì nínú ilé ńlá yẹn ní Ìjòkà, yàrá kọjú sí yàrá. Tí ọ̀kan bá húkọ́, èkejì á béèrè pé ṣé ó ti lo oògùn. Phebe ń ta obì, Ojúọlá ń ta bàtà ọmọléèwé. Wọn kò lówó, ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ.

Òkú ìyá Dókítà Awóníyì ló gbé ohùn Ojúọlá jáde. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni Awóníyì. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn, ìwé owó ló kà dé ibẹ̀. Ó ti Èkó dé, ó dá báńkì kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó pè é ní Báńkì Àtẹ́lẹwọ́. Báńkì ìdókòwò ni. Tí o bá kó owó fún wọn, wọn kò ní tì í mọ́ inú àpótí. Wọ́n ní àwọn á bá ọ fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá, àwọn á fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, àwọn á fi ra kòkó, èrè rẹ á sì máa wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá Dókítà jáde, Ojúọlá tó bá àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lọ síbi òkú náà la ẹnu, ó ki ìyá náà láti orí babańlá rẹ̀ títí dé orí ọmọ tó bí gbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò dùn bí ohùn akọrin. Ó há díẹ̀, bí ìgbà tí okùn ń ha ara kànga. Ṣùgbọ́n bó bá ti pe baba rẹ kan babańlá rẹ, orí rẹ á wú. Dókítà bọ́ awò dúdú tó wà lójú rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́ lójú àwọn olówó tó bá a wá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mọ́tò ńlá kan dúró sí Ìjòkà.

"Màmá," Dókítà wí, "mo fẹ́ kí ẹ wá bá mi ṣiṣẹ́ ní báńkì."

"Ṣé kí n máa gbálẹ̀ ni?"

"Rárá o. Kí ẹ máa ki àwọn èèyàn ni. Ẹ wò ó, ní àwọn báńkì yòókù, ta lèèyàn máa kọ́kọ́ bá pàdé? Ṣebí ẹni tó ń fi irin yẹ ara èèyàn wò ni. Ó ń wá ìbọn lára ìyá arúgbó! Èmi fẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà wọ báńkì mi kó gbọ́ orúkọ baba rẹ̀."

Phebe tó jókòó ti ògiri bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé owó lẹ ó máa san fún un pé ó ń sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e lọ. Ọ̀fẹ́ ló ń sọ ọ́ sí mi létí láti àárọ̀."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe dé. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún Ojúọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dígí ní ẹ̀ka Iléṣà, wọ́n ra gèlè búlúù fún un. Sàláúdéènì, ọmọ Òṣogbo bíi tirẹ̀, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà á wọlé, Ojúọlá á bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ ulé ta ni?" Bó bá ti dárúkọ ilé, ó tán. Àgbẹ̀ tó ti oko kòkó wá pẹ̀lú bàtà rọ́bà, tí kì í lè gbójú sókè ní báńkì mìíràn, á na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀ lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì owó. Ẹlòmíì á san tán, á tún padà wá sídìí àga rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ ti dárúkọ bàbá mi àgbà yẹn, ẹ tún un wí kí ọmọ mi yìí gbọ́."

Bàbá Ọdúntán wá bá a jà lọ́jọ́ kan. Òun àti Ajíbóyè ni wọ́n jọ kiri aṣọ àwìn ní ìgbà èwe wọn.

"Ojúọlá, èmi tí mo ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè káàkiri ilẹ̀ Hausa, mo mọ bí owó ṣe ń rìn. Owó kì í sáré. Èyí tí o bá rí tó ń sáré, ẹnìkan ló ń lé e."

Ojúọlá kàn dìde lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, láti ìdí. Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́, kò dákẹ́. Nígbà tó dé orí ìyá tó bí i, bàbá fi ọwọ́ nu ojú.

"Ìwọ obìnrin yìí, o máa pa mí." Ó kọjá síwájú káńtà, òun náà sì san owó.

Ẹ ò rí i, báńkì náà wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Èrè ń wọlé ní tòótọ́. Ẹni tó bá gba èrè á pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á pe àna. Wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́rin sí Òṣogbo, dígí búlúù láti òkè délẹ̀, tó jẹ́ pé tí oòrùn bá ràn sí i, awakọ̀ á fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà, àwòrán Ojúọlá nínú gèlè búlúù ló wà lójú rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ògiri ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó yá, àwọn ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka ti pọ̀, Màmá kan kò lè jókòó sí ibi gbogbo, àpótí kékeré ni àwọn á gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tí yóò máa fi ohùn rẹ̀ kí èèyàn. Ojúọlá wọ yàrá kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, ó kí ẹni tí kò rí. Ó ṣe é bákan lára, ó wá gbà á pé bí ayé ṣe dà nìyẹn.

Phebe nìkan ni kò wọ báńkì náà. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Kò kúkú ní ohun tó máa gbé lọ síbẹ̀ ni. Àfi ìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà ra igbó obì tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Iperindo. Owó tí kò rí rí láyé rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Olúwatóyìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ń gbé Òṣogbo, onílé ń lé e kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ilé kékeré kan ni Phebe fẹ́ kọ́ fún un.

Ó gba báńkì kọjá lọ́jọ́ tó gba owó náà, àpò rẹ̀ há abíyá.

"Mi ò wá san nǹkan kan o," ó wí lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Mo kàn wá wo ibi tí ìyàwó mi ń jókòó sí jẹun ni."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé. Ojúọlá kò gbèrò nǹkan kan. Àmọ́ ìyálé rẹ̀ ló wọlé yìí, báwo ni ó ṣe máa ki àjèjì láti àárọ̀ tí kò ní ki ẹni tó fún un ní ẹnu? Ó bọ́ bàtà. Ó dúró. Kì í ṣe oríkì ilé ọkọ wọn ló kì, ti ilé baba Phebe gan-an ni:

"Ọmọ atẹ̀lẹ̀ wúrà má fẹsẹ̀ kó o,
Wọ́n ní kí baba rẹ wá jẹun,
Ó ní òun ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń wí.
Ilẹ̀ kì í purọ́ fún baba tó bí ọ lọ́mọ!"

Láti ọjọ́ tí Phebe ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pe baba rẹ̀ ní gbangba. Gbogbo àwọn tó tò lórí ìlà yíjú. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà fún un. Phebe gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ojúọlá, o ti pa mí níwájú èèyàn."

Ó rìn lọ bá Marvellous, ọmọbìnrin tó ń gba owó, ó sì gbé àpò náà lé orí káńtà.

Èrè ẹ̀ẹ̀kan ló jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Ojúọlá dé ibi iṣẹ́, ó bá Sàláúdéènì lórí òkúta níta, nínú jalabíà, kò wọ aṣọ iṣẹ́.

"Ìyá wa, ẹ dúró níbẹ̀. Ilé ti tì."

"Ta ló kú?" Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn.

"Ẹnikẹ́ni ò kú. Àwọn aláṣẹ ti Àbújá ló tì í. Wọ́n ń wá Dókítà, wọn ò rí i. Kò sí ní Òṣogbo, kò sí ní Èkó. Wallahi, èmi alára ò tíì gba owó oṣù."

Ẹ̀wọ̀n irin wà lára ilẹ̀kùn dígí. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn, òyìnbó ló wà níbẹ̀. Nínú, àga onítìmùtìmù rẹ̀ ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ojúọlá fara ti dígí, ó ń wò ó: àga náà ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Kí oòrùn tó mú, ojú títì ti kún. Àwọn kan dé pẹ̀lú ọkọ́ oko lọ́wọ́, àwọn kan kò rántí wọ bàtà. Ojúọlá ń lọ láàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Mo mọ Dókítà. Mo sin ìyá rẹ̀. Kò lè ṣe é."

Ibi tó ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni iná mànàmáná dé.

Àpótí tó wà lókè ilẹ̀kùn kọ́kọ́ hó ṣáá. Lẹ́yìn náà ohùn kan jáde níbẹ̀, ó mọ́ gaara: "Ẹ wọlé, ọmọ ọlọ́lá, ẹ má dúró níta. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ wọlé. Báńkì Àtẹ́lẹwọ́ ló ń kí yín. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni."

Ohùn Ojúọlá ni.

Àwọn èèyàn wo àpótí náà, wọ́n wá yíjú wo obìnrin tó dúró láàárín wọn. Ohùn náà parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọlé, ọmọ ọlọ́lá. Ojúọlá ń wò ó bí ẹni tó pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà lókè yẹn, kò sí èyí tó kù lọ́fun rẹ̀. Sàláúdéènì mú igi, ó ń fo, ó ń gbá àpótí náà. Kò fọ́.

Àgbẹ̀ kan, àgbàlagbà, súnmọ́ ọn. Kò bínú. Ìbéèrè ló wá bi í.

"Ìyá, ẹ ní ká wọlé. A ti dé. Ibo la ó gbà?"

"Ẹ jẹ́ kó máa kì wá!" Bàbá Ọdúntán ló kígbe láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín gbígbẹ ń gbọ̀n ọ́n. "Owó ti lọ, kí oríkì má lọ! Ojúọlá, o ṣeun o. O ki baba mi dáadáa. Ó dájú pé ó ń gbọ́ ọ nísà òkú."

Marvellous ló fà á lọ́wọ́ wọ inú ọ̀nà kékeré kan. Ojú ọmọ náà ti wú.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọ́n máa lù yín."

"Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi owó wọn ra ìpín nínú rẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n tà á. Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

"Kò sí òtẹ́ẹ̀lì, Màmá."

"Kòkó ńkọ́?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ra kòkó, wọ́n pàdánù, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Látìgbà náà kò sí nǹkan kan. Owó àwọn tó bá wọlé tuntun la fi ń san èrè fún àwọn tó ti wọlé ṣáájú. Èmi náà ò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹni tuntun bá ti dáwọ́ dúró, ó parí nìyẹn."

Ojúọlá dúró síbẹ̀, ó fara ti ògiri. Ó pẹ́ kó tó lóye rẹ̀. Ó ti rò pé olè ló wọ ilé tí òun jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni ilé náà ń jẹ. Kò sí kòkó, kò sí òtẹ́ẹ̀lì. Ohùn tirẹ̀ àti àwọn tó ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń wọlé, òun nìkan ni ọjà tí báńkì náà ní.

Ní Ìjòkà, Phebe jókòó sójú kan náà tó máa ń jókòó sí. Rédíò ti sọ fún un. Obì wà nínú igbá níwájú rẹ̀, kò bó o. Ojúọlá kúnlẹ̀. Ó ń retí èébú, ó ń retí ẹnu tó mú bí abẹ yẹn. Ì bá mà dùn mọ́ ọn.

"Dìde," Phebe wí. "Ilẹ̀ tutù."

Kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" ni, "ó dàárọ̀" ni. Ojúọlá á gbọ́ tó ń húkọ́ ní yàrá kejì, á béèrè bóyá ó ti lo oògùn, ilẹ̀kùn á dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Phebe dè. Olúwatóyìn wá mú un lọ sí Òṣogbo, sínú yàrá kan tí wọ́n háyà. Ibẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n gbé òkú padà wá sí Ìjòkà, nítorí ilé ọkọ ni obìnrin ti ń jáde lọ sí sàréè. Olúwatóyìn bá Ojúọlá lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ àwo.

"Ìyá Òṣogbo." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ ilé ṣe ń pè é. "Ẹ bá wa ṣe òkú. Ẹ jẹun, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ má ki màmá mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn."

"Ta ló máa wá kì í?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní kì í."

Láti ọjọ́ tí Ojúọlá ti dé ilé yẹn, kò rí ìyàwó kan tó jáde láìjẹ́ pé wọ́n pe baba rẹ̀. Kódà èyí tó lé ọkọ kúrò nílé, wọ́n kì í. Àwọn ìyàwó kékeré tó wà nílé báyìí, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ tilé baba Phebe. Ọ̀dọ̀ òun nìkan ló wà, wọ́n sì ti ní kó má la ẹnu. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ní, "Mo gbọ́, ìyá mi."

Wọ́n gbé pósí jáde. Níbi tó yẹ kí ohùn wà, ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e nìkan là ń gbọ́, gìrì gìrì, lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì. Ojúọlá dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ki etí ìborùn bọ ẹnu, ó dì í mú ṣinṣin láàárín eyín.

Àwọn ìbátan Phebe tó wá láti Iperindo ń wo ara wọn. Ìyá arúgbó kan nínú wọn fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ọmọ ni a fún yín, àbí ẹrù lẹ̀ ń rù jáde yìí? Ṣé kò níbi tó ti wá ni?"

Àwọn tó gbé pósí dúró. Olúwatóyìn tó wà níwájú la ẹnu.

"Ọmọ," ó wí. "Ọmọ..."

Kò mọ èyí tó kàn. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ já. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ojú tìyá rẹ̀ nínú pósí nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó wá yí padà, ó gba àárín èrò kọjá títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Ojúọlá. Ó fa ìborùn náà yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló kàn?"

Ojúọlá mí kanlẹ̀ láti kì í. Olúwatóyìn gbé ọwọ́ bò ó lẹ́nu kíá.

"Rárá. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ sọ ọ́ sí mi létí."

Obìnrin tí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ohùn rẹ̀ bá tẹ orí ba, ó fi ẹnu sí etí ọmọ ìyálé rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Olúwatóyìn gbé e jáde. Ó ṣì í, ó sáré níbi tó yẹ kó fà, ẹkún dá a dúró láàárín, ó tún mú un.

"Ọmọ onígbó obì tí ń dákẹ́ dọjọ́ ọjà..."

Ìyá arúgbó láti Iperindo gbé ọ̀pá sókè, ó ní, "Hẹn-ẹ̀n!" Pósí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn méjèèjì tẹ̀lé e, wọ́n sún mọ́ra bí ẹni tí kò ríran àti ẹni tó ń fà á lọ́wọ́, kò sì yé ẹnikẹ́ni èwo ló ń fa èwo. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Olúwatóyìn yíjú.

"Ṣé ó kù?"

"Ó kù."

"Ẹ sọ ọ́."